Rọ́bà Ẹnu Ìkòkò

"Onímú, fetí sílẹ̀ dáadáa o."

Ìyá rẹ̀ na rọ́bà róbótó kan sí i. Rọ́bà náà ti gbó, ó sì ti já níbì kan.

"Mú èyí dání, kí wọ́n lè fi wọn tuntun. Mo ti bá obìnrin tó ni ilé ìtajà náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ti sanwó. Funfun ni. Èyí tí wọ́n ń lò fún nǹkan ẹnu, tí ooru kì í yọ́. Má jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní òmíràn."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

"Kí ni mo sọ?"

"Funfun. Ti nǹkan ẹnu. Tí ooru kì í yọ́."

"Ó dáa. Ọ̀nà jìn, tètè máa lọ. Omi koríko ọba Bàbá Télọ̀ ti tán látàná."

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ni ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò irin ńlá kan ló ń lò. Á kó ewé koríko ọba sínú rẹ̀, á bu omi sí i, á dé e, á sì fi bóòtì fún ìdérí náà pinpin. Bí omi náà bá hó, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lórí ìdérí jáde. Páìpù náà á la inú garawa omi tútù kọjá, ooru á di omi padà, á wá máa kán tó, tó, tó, sínú ìgò. Omi yìí máa ń mọ́ gaara, òórùn koríko ọba á sì kún inú rẹ̀. Àwọn kan ń kán an sínú omi mímu, àwọn mìíràn sínú tíì. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà tó wà láàárín ẹnu ìkòkò àti ìdérí rẹ̀ kò bá dára, ooru á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, iná á sì jó lásán. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe irú rẹ̀. Rọ́bà ẹnu ìkòkò ni ìyá yìí ń pè é ní tirẹ̀.

Onímú kì í ṣe orúkọ àbísọ ọmọ náà. Àìsàn kan ló kọlu ìyá rẹ̀ nígbà kan, nígbà tí ara rẹ̀ sì yá, imú rẹ̀ kò gbóòórùn kankan mọ́. Oúnjẹ lè jóná níwájú rẹ̀ kó má mọ̀. Láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá a fi imú sí gbogbo omi tó bá sè kí ó tó rọ ọ́ sínú ìgò. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè bó ṣe ń rí i ṣe, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Imú kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, ojú ọmọ mi ni mo sì gbé e sí."

Onímú jáde. Ọjọ́ Sátidé ni, ilé ìwé ò sí. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí lórí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Kíámọ́sá ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀nà àbùjá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ibi ìlẹ̀-táyà náà.

"Ibo lo dorí kọ?" ni Kíámọ́sá béèrè. "Gbogbo èèyàn ti wà lórí pápá. Àṣekágbá mà ni lónìí!"

Onímú ké yéè. Ó ti gbàgbé. Ilé ìwé wọn àti ilé ìwé òdìkejì ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ kíláàsì wọn ló sì ń ṣọ́ ojú ilé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

"Màámi rán mi níṣẹ́. Mo fẹ́ lọ gba rọ́bà ní ìkángun ìlú."

"Rọ́bà wo?" Kíámọ́sá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Eléyìí? Irú èyí tó kún ilẹ̀ níbí tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Funfun ni wọ́n ní kí n gbà."

"Ṣé àwọ̀ ló ń dí ooru ni? Rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́. Wò ó, a máa gé ọ̀kan nínú tùúbù, wàá gbé e fún màámi ẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé tí a bá jáde nílé ìwé, wàá lọ gba ti funfun, wàá sì pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Onímú dúró. Ariwo àwọn èrò orí pápá ń dún bọ̀ láti òkèèrè, ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀. Ó wo ọ̀nà gígùn tó lọ sí ìkángun ìlú, ó wo apá ibi tí ariwo náà ti ń wá.

"Bọ̀dá mi," ni Kíámọ́sá ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé tùúbù díẹ̀."

Orí ọkùnrin náà wà lábẹ́ ọkọ̀. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Garawa kan ló ń jò."

"Ẹ mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn."

Wọ́n tẹ́ rọ́bà àtijọ́ lé tùúbù náà lórí, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, Kíámọ́sá sì fi abẹ gé e. Ó ṣe róbótó, ó bá ti àtijọ́ dọ́gba. Onímú tì í bọ àpò rẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé títí di Mọ́ńdé lásán ni. Àwọn méjèèjì sì fi eré gé e lọ sí pápá.

Ilé ìwé wọn ló borí. Wọ́n pariwo títí ohùn wọn fi há.

Nígbà tí Onímú padà délé, ìyá rẹ̀ ti ṣa ewé tán, ó ti fọ ìkòkò, ó ń dúró.

"O pẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Èrò pọ̀ níbẹ̀, Màámi."

Ìyá náà gba rọ́bà náà. Ó yí i lọ́wọ́. "Dúdú kẹ̀? Funfun ni obìnrin yẹn sọ fún mi."

"Wọ́n ní ti tuntun nìyẹn. Wọ́n ní ó tún lágbára jù ú lọ."

Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí òun lẹ́nu. Irọ́ kìíní ló bí ìkejì, ìkejì sì jáde láìjẹ́ pé ó ronú sí i rárá. Ìyá rẹ̀ tún wo rọ́bà náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kò burú. Àwọn ló mọ ọjà wọn." Ó fi rọ́bà náà sẹ́nu ìkòkò, ó dé e, ó sì fún bóòtì.

Omi hó. Ooru kankan kò gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ọkàn Onímú sì balẹ̀ díẹ̀. Láìpẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìgò. Ìyá náà bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e wá bá a.

"Ó yá, imú mi."

Onímú fi imú sí ife náà. Òórùn koríko ọba ló kọ́kọ́ wọlé, ó tutù, ó ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dà bí òórùn táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ó tún fi imú sí i. Nǹkan náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Onímú sọ. Bó bá sọ pé kò dára, ìyá rẹ̀ á béèrè ìdí rẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ yọ.

"Ó dáa, Màámi."

"O ṣé, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Onímú gbé ìgò Bàbá Télọ̀ lọ fún un ní òpópónà kejì. Ọkùnrin náà ti rán aṣọ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, kò sì rán an mọ́ báyìí. Inú rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ nǹkan. Láràárọ̀, á kán omi koríko ọba sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á mu ún kó tó lè jẹun. Ó ní òun nìyẹn fi ń bẹ ikùn òun kó jẹ́ kí oúnjẹ wọlé.

"A à, ẹni tí mò ń retí ti dé!" Ó po ti àárọ̀ ọjọ́ náà lójú Onímú, ó sì mu díẹ̀. Ó dúró. Ó fi ahọ́n pọ́n ètè lá. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ náà.

Onímú wo ilẹ̀.

"Hun," ni bàbá náà wí. "Ahọ́n àgbà. Ìyẹn náà ti fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó gbé ife náà sókè, ó sì mu ún tán.

Onímú kí i pé ó dìgbóṣe. Nígbà tó dé òde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ padà wọlé. Ó dúró títí, lẹ́yìn náà ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, bí wọ́n ti jáde nílé ìwé, ó gba ìkángun ìlú lọ. Obìnrin tó ni ilé ìtajà náà mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó mú rọ́bà funfun kan wá láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ fún un.

"Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí ló dé tí ẹ kò wá láti Sátidé. Sọ fún màámi kí wọ́n kọ́kọ́ se é nínú omi lásán. Tí omi yẹn bá tutù, kí wọ́n wò ó bóyá ó yí àwọ̀ padà, kí ẹnì kan fi imú sí i. Bí kò bá rùn, ó ti dára nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Onímú wí, "bí èèyàn bá lo irú rọ́bà mìíràn ńkọ́? Bíi ti tùúbù?"

"Tùúbù táyà? Fún ohun tí èèyàn fẹ́ mu?" Obìnrin náà mi orí. "Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe ìyẹn kì í ṣe fún ikùn. Bí ooru bá ti ń bà á ni yóò máa rọ̀, yóò máa yọ́. Bí o bá sì rí i pé rọ́bà kan ti dín kù lẹ́nu ìkòkò, má wulẹ̀ wá ibi tó lọ. Inú omi ló lọ."

Onímú kò rántí bó ṣe rìn délé.

Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, rọ́bà dúdú náà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Rọ́bà náà ti rọ̀, etí rẹ̀ apá inú ti jẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ti kun ìka ìyá náà dúdú.

"Wo nǹkan tí obìnrin yẹn tà fún mi! Èmi tí mo ti ń bá a rajà láti ọjọ́ yìí! Ọmọ Bàbá Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Bàbá náà ti ń bì láti àná, kò lè jẹ, kò lè mu. Màá sọ fún un lónìí pé ìwà ìkà ló hù." Ó ti ń wá nọ́ńbà náà.

Onímú wo fóònù náà. Bí òun bá dákẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò gbé ẹ̀bi náà.

"Màámi, ẹ má pè é." Ó fa rọ́bà funfun yọ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ti wọn nìyí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà á. Inú tùúbù táyà ni a ti gé ìyẹn. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò."

Ìyá náà rọra gbé fóònù sílẹ̀.

"Nígbà tí mo gbé ife fún ẹ, ṣé o gbóòórùn rẹ̀?"

"Mo gbóòórùn rẹ̀, Màámi."

"O gbóòórùn rẹ̀, o sì sọ fún mi pé ó dáa."

Onímú ti retí igbe, ó ti retí ìgbájú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìka rẹ̀ tó ti dúdú.

"Bí ó bá jẹ́ owó lo jí mú," ló wí nígbà tó yá, "màá kà á, màá mọ̀ pé kò pé. Èyí tí o mú yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ìgbà náà ni omijé Onímú jáde.

"Nu ojú ẹ. Ẹkún kọ́ ni Bàbá Télọ̀ máa mu. Dìde, ká lọ."

Bàbá Télọ̀ nà sórí ibùsùn, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti pe nọ́ọ̀sì kan wá, ẹni yẹn sì ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Onímú kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù títí dé orí ife. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, kò sì dárúkọ Kíámọ́sá pé òun ló tì í sí i.

Ọmọ bàbá náà fi ìbínú dìde, ṣùgbọ́n bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. Onímú yíjú sí nọ́ọ̀sì náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi yẹn ló fà á?"

"Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ni," ni nọ́ọ̀sì náà dáhùn. "Ikùn bàbá ò dára tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ inú ikùn ẹnikẹ́ni. A ó máa wò wọ́n. Bí kò bá dáwọ́ dúró lónìí, ilé ìwòsàn ló kàn."

Bàbá Télọ̀ yí orí sí ọ̀dọ̀ Onímú. Ohùn rẹ̀ kò ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ.

"Mo tọ́ ọ wò, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ahọ́n mi sọ fún mi. Ojú rẹ ni mo wá wò. Mo ní bí ó bá burú, ọmọ yìí á sọ fún mi."

Ó pa ojú dé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún Onímú lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Èébì náà dáwọ́ dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí bàbá náà tó lè jókòó jẹun bí ìṣe rẹ̀, Onímú sì ń lọ fọ aṣọ fún un lẹ́yìn ilé ìwé títí ara rẹ̀ fi le.

Àwọn ìgò mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ìyá náà kò bá a lọ gbà wọ́n padà. Ó ní, "Ẹnu tó fi sọ pé ó dáa ni yóò fi sọ pé kò dáa." Onímú ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n da omi náà nù lójú rẹ̀. Ìyàwó ilé kan tó ń bu ú sínú tíì àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì, ó gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin yẹn kò rà á mọ́ láéláé. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó jọ.

Nílé ìwé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Kíámọ́sá. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kàn rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gún ìkejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo ní ká gé e."

Ìyá Onímú nawọ́ sí garawa kan. "Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú garawa yẹn. Inú páìpù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ní ọ̀nà àbùjá o, Kíámọ́sá."

"Mo mọ̀ mà," ló fèsì, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Wọ́n fọ ohun gbogbo títí omi tí wọ́n fi ṣan án kò fi rùn mọ́. Wọ́n se rọ́bà funfun náà nínú omi lásán, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n bu omi náà sínú ife tó mọ́ kedere. Kò yí àwọ̀ padà. Ìyá náà kò gbé e fún Onímú. Aládùúgbò wọn kan, obìnrin tó ń ṣe bàtà, ló pè kó wá bá òun fi imú sí i. Onímú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wọ́n, ó sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí irọ́ kan wó lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òtítọ́ ọjọ́ kan kò tó láti tún un kọ́.

Nígbà tí wọ́n tún se koríko ọba, tí omi àkọ́kọ́ kán tán, obìnrin oníbàtà náà ní ó dára. Ìyá Onímú na ọwọ́ sí ìgò Bàbá Télọ̀ láti rọ omi náà sí i.

"Màámi, ẹ dúró ná."

Onímú bu omi náà sínú ife. Kò fi imú sí i. Ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún, díẹ̀díẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tí omi náà kù díẹ̀, ìyá náà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu èyí tó kù, ó da ojú ife náà délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọ omi sínú ìgò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà láyé tí ó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é nìkan ló mọ ohun tó fi sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń mu ún, ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ló fi ń gbà á. Bí ẹnì kan bá rán yín níṣẹ́, tó sọ irú èyí tí ẹ ó mú wá, ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà nínú ife, kó tó dé ọ̀nà ọ̀fun ẹlòmíràn.